Ọlọ Màmá Ẹ̀gbẹ́ Ilé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárín oṣù Kẹfà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ti jáde sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí, torí bó bá fi máa di aago mẹ́wàá, oòrùn Houston kì í jẹ́ kéèyàn rójú ṣe nǹkan kan níta. Tomatillo ni mo fẹ́ ká, kí n fi ṣe salsa verde, ọbẹ̀ ata aláwọ̀ ewé àwọn ará Mẹ́síkò. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí mo ti ń rí i pé ó ti ń tó, iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Abọ́ ńlá tí mo fi ń po ẹ̀wà àkàrà ni mo gbé dání, ó sì ti kún kí n tó kúrò nídìí igi kejì. Mo gbé e lé ìwọ̀n, ó lé ní páùn 3.

Ẹni tí kò bá rí tomatillo rí, kó fojú inú wo tòmátì kékeré tó ní àwọ̀ ewé, tó ń gbé inú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Àpò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Á so rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ka, inú rẹ̀ á ṣófo, èso á wá máa tóbi nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kún un, tí àpò náà á sì ya nísàlẹ̀. Ìgbà tó bá ya yẹn ló tó ká. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, koropo ló sọ sí mi lọ́kàn, ewéko tó máa ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èso koropo náà ń gbé inú àpò. Àwa ọmọdé a máa gbá a mọ́ iwájú orí ara wa kó lè dún pàù. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n lóòótọ́. Physalis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìdílé àwọn méjèèjì: koropo ni Physalis angulata, tomatillo ni Physalis philadelphica. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kà á, bí ẹni tó bá ọmọ ìyá rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà àjò.

Ọdún kejì rèé tí mo gbìn ín. Èṣí, ẹyọ kan péré ni mo rà. Amọ̀ ni ilẹ̀ àdúgbò wa ní Alief, bí òjò bá rọ̀, omi á dúró lórí rẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí náà bàbá àwọn ọmọ bá mi fi pákó ká ebè kan, a sì da ilẹ̀ tuntun sínú rẹ̀. Igi náà ga dé ìbàdí mi. Ó tan òdòdó yẹ́lò tó ní àmì dúdú-dúdú nínú ọ̀fun, oyin ń bẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Bí òdòdó ṣe ń tàn ló ṣe ń rẹ̀ dànù. Mo bu ajílẹ̀ sí i. Mo fi kún omi rẹ̀, mo tún dín in kù. Kò so ẹyọ kan títí oòrùn oṣù Kẹjọ fi jó o gbẹ.

Ìyá àgbà ará Mẹ́síkò tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló là mí lóye. Puebla ni wọ́n ti wá, wọ́n ti lé lẹ́ni ọdún 70. Màmá ni mo ń pè wọ́n, àwọn náà sì ń pè mí ní mija, ìyẹn ni "ọmọ mi obìnrin" lédè tiwọn. Wọ́n dúró lẹ́yìn ọgbà lọ́jọ́ kan, wọ́n na ìka kan sókè, wọ́n wo igi mi, wọ́n sì mi orí. Ọmọ-ọmọ wọn ló bá wa túmọ̀ rẹ̀: ẹyọ kan kì í so. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tomatillo kò lè sọ òdòdó ara igi kan náà di èso. Ara igi mìíràn ló gbọ́dọ̀ ti wá, oyin àti kòkòrò ló sì ń gbé e káàkiri. Gbogbo oyin tí mo ń rí lóṣù mẹ́ta yẹn, òfo ni wọ́n ń gbé láti orí òdòdó kan dé òmíràn.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, nígbà tí ẹ̀rù òtútù ti kúrò nílẹ̀, Màmá kan ilẹ̀kùn wa, wọ́n gbé igi mẹ́ta kéékèèké dání nínú agolo ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Tomate." Mo ti ní tòmátì mẹ́rin nílẹ̀ nígbà yẹn, mo dúpẹ́, mo sì fẹ́ fi ọgbọ́n ṣàlàyé pé àyè ti fẹ́ kún. Wọ́n tún sọ ọ́, wọ́n ń fi ìka ṣe bí ẹni ń bó nǹkan: "Tomate." Ìgbà yẹn ló yé mi pé tomatillo ni. Ní apá Mẹ́síkò tí wọ́n ti wá, tomate ni eléyìí tó ń gbé inú àpò. Tòmátì pupa tí gbogbo wa mọ̀, jitomate ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣé ẹ rí i, tòmátì tí àwa ń pè, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́nu àwọn ará Sípéènì, àwọn ìyẹn náà sì gbà á lẹ́nu àwọn Aztec, ará Mẹ́síkò àtijọ́, tó ń sọ èdè Nahuatl, tí wọ́n ń pe èso eléèpo yìí ní tomatl, tí wọ́n sì ń pe pupa ní xitomatl. Àlùfáà ará Sípéènì kan, Bernardino de Sahagún, tó gbé láàárín wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, kọ̀wé nípa àwọn tó ń ta oríṣiríṣi tòmátì lọ́jà, àti àwọn tó ń ta ọbẹ̀ ata tí wọ́n ti sè sílẹ̀. Ata pàápàá, láti rodo dé tàtàṣé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ọkọ̀ òkun àwọn Potogí sì wà lára ohun tó gbé wọn dé etíkun wa. Mo ti ń se ọbẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, n kò bi ara mi rí pé níbo ni ata ti wá. Mo gba igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ Màmá. Mo hú tòmátì pupa kan dànù kí àyè lè gbà wọ́n.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n padà sórí tòní.

Bíbó èèpo rẹ̀ kò le. Ohun tó wà lábẹ́ èèpo ló ń dà mí láàmú: oje kan wà lára èso náà tó máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ó sì korò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́, mo ń fi àtàǹpàkò ra á lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ń dún fín-ín-fín-ín lọ́wọ́ mi. Páùn 2 ni mo yà sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀ náà, mo kó ìyókù sínú fìríìjì. Ata serrano mẹ́rin, aáyù mẹ́ta tí mi ò bó, ààbọ̀ àlùbọ́sà, ẹ̀kúnwọ́ ewé cilantro kan, iyọ̀. Kò sí òróró nínú rẹ̀ rárá. Bàbá àwọn ọmọ bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo gbàgbé òróró ni.

Àwọn kan máa ń bọ̀ ọ́ lómi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn mìíràn máa ń lọ̀ ọ́ ní tútù. Lójú tèmi, yíyan ló dùn jù. Mo gbé páànù onírin kaná láìfi nǹkan kan sí i, mo tò wọ́n sí i, mo ń yí wọn. Àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yẹn á kọ́kọ́ ṣá, á wá dúdú ní ojú ibì kan-ibì kan, omi á máa ta pàrà-pàrà lórí irin. Èyí tó bá rọ̀ ni mo ń yọ sínú abọ́ tí mo fi ìdérí dé, kó lè máa fi ooru ara rẹ̀ jinná lọ. Òórùn ata yíyan yẹn gba gbogbo ilé kan. Ọmọ mi ọkùnrin sín lókè, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣí fèrèsé!"

Lọ́dún tó kọjá, tomatillo ọjà ni mo fi gbìyànjú rẹ̀, inú blẹ́ńdà ni mo sì da gbogbo rẹ̀ sí. Ó hó bí ọṣẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì funfun. Nígbà tí mo bu díẹ̀ fún Màmá, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì dúpẹ́, àmọ́ mo rí ojú wọn. Àwọn náà, blẹ́ńdà ni wọ́n ti ń lò láti ọdún méjì sẹ́yìn, torí làkúrègbé ti mú wọn lọ́rùn ọwọ́, wọn ò lè lọ nǹkan mọ́. Lánàá, ọmọ-ọmọ wọn gbé ọlọ wọn wá fún mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Molcajete ni wọ́n ń pè é: òkúta dúdú tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára, tó jìn bí abọ́, tó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró. Tejolote ni ọmọ ọlọ rẹ̀. Ìyá Màmá ló ni ín tẹ́lẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti fọwọ́ kan ọlọ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ilé ìdáná wa ni tìyá mi wà, wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá mi kì í fẹ́ ká gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n ní ẹ̀rọ a máa fi òórùn ata ẹlòmíràn ta téèyàn. Èmi ni mo ń lọ ata ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ata a máa ta sí mi lójú, mo sì kórìíra rẹ̀ dé góńgó. Ìgbà tí mo rí ọlọ yìí lórí tábìlì mi, ṣe ni mo fa àga, mo jókòó tì í fúngbà díẹ̀.

Aáyù àti iyọ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń bá òkúta fa aáyù ya. Mo gbá ọmọ ọlọ mú, mo sì tì í síwájú, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ó lọ kọ́ ògiri ọlọ, aáyù fò jáde. Mo tún tì í, ó tún kọ́. Ọlọ tiwa, títì síwájú àti fífà sẹ́yìn ni. Eléyìí ò gba ìyẹn. Ọrùn ọwọ́ lèèyàn ń yí, kí ọmọ ọlọ máa bá ẹ̀gbẹ́ òkúta lọ yípo, kéèyàn sì máa fi ìwúwo rẹ̀ tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èjìká mi tó gbà. Lẹ́yìn ata ni mo wá ń ju tomatillo sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti tẹ ọ̀kan, á bẹ́, omi rẹ̀ á ru sókè, hóró wẹ́wẹ́ á bọ́ sórí aáyù, àwọn ibi tó jó dúdú á máa fọ́n ká inú rẹ̀. Òkúta kì í lọ ohun gbogbo kúnná. Ó máa ń ṣẹ́ ẹ kù, ìyẹn ni mo sì fẹ́ràn: ẹnu á bá awọ pàdé, á bá hóró pàdé, ata á ta léyìí, kíkan á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gé àlùbọ́sà àti cilantro wẹ́wẹ́ sí i nígbẹ̀yìn, mo ta omi díẹ̀ sí i, torí bó bá tutù tán, á dì bíi jáàmù tí wọn ò fi ṣúgà sí.

Ìyá mi pè lórí WhatsApp nígbà tí ọwọ́ mi ṣì wà nínú rẹ̀.

"Kí lò ń lọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ọbẹ̀ ata àwọn ará Mẹ́síkò ni, ma."

"Tòmátì tí kò pọ́n nìyẹn. Ṣé èyí tó pọ́n ò sí lọ́jà yín ni?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ma. Ṣé ayamáṣe pọ́n ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n yí fóònù kí àwọn rí ohun tí mo fi ń lọ̀ ọ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n béèrè ẹni tó ni ín, mo sọ fún wọn, mo sì sọ ti ọwọ́ tó ń dun Màmá. Wọ́n ní, "Kó o tó jẹ nínú rẹ̀, gbé e lọ fún wọn ná." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé ọlọ tiwa ṣì wà níbi tó wà, àmọ́ koríko ti bò ó.

Mo gbé gbogbo ọlọ náà lọ bó ṣe wà. Màmá jókòó síta níwájú ilé wọn. Wọn ò bèèrè ṣíbí. Ìka ni wọ́n fi tọ́ ọ wò. Wọ́n dákẹ́. "Sal," ni wọ́n sọ, iyọ̀ kò tó. Ọmọ-ọmọ wọn sáré mú iyọ̀ wá, àwọn fúnra wọn bù ú sí i, wọ́n sì di ọmọ ọlọ mú, wọ́n fi yí i lẹ́ẹ̀mẹta péré kí ọwọ́ tó dùn wọ́n, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Wọ́n tún tọ́ ọ wò. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn pé kó lọ gbé tòtíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, kaná wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó síbẹ̀ jẹ ẹ́ títí oòrùn fi lé wa wọlé.

Èyí tó kù, dùndún iṣu àti ẹja díndín la fi jẹ ẹ́ lálẹ́, ó sì bá a mu gan-an ni. Ọmọ mi obìnrin fi àkàrà àná nu ìdí abọ́. Mo fọ ọlọ náà pẹ̀lú omi lásán, mi ò fi ọṣẹ kàn án, mo fẹ́ gbé e padà, àmọ́ Màmá ti ránṣẹ́ pé kí n má tíì gbé e wá: àwọn ti rí i láti ojú fèrèsé wọn pé àwọn tó kù lórí igi ṣì pọ̀.