Ọjọ́ tó le jù ni wọ́n ní kí n kọ

Oṣù méje ni a fi ń wá káàdì tí ìjọba ń fún àwọn àkàndá ẹ̀dá fún ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti jáde báyìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi kò ju ìwé tí mo máa kó lọ: ìwé ìbí, fọ́tò, ìwé dókítà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé fọ́ọ̀mù gan-an ni yóò pa mí lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tó jẹ́ ná. Kò tíì máa sọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ nǹkan, á di ọrùn ọwọ́ mi mú, á fà mí lọ síbi tí nǹkan ọ̀hún wà, á sì gbé ọwọ́ mi lé e. Ọmọrí ìgò ni ohun ìṣeré rẹ̀. Ó lè jókòó ti ọ̀kan ṣoṣo fún odindi wákàtí kan, kó máa mú un pòòyì lórí ilẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín. Bí aago ilé ìwé bá dún lójijì, á bo etí, á nà gbalaja sílẹ̀, ó sì lè tó ogún ìṣẹ́jú kó tó gbà kí a gbé òun dìde. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni, ìpèníjà nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ káàdì náà rárá. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́: “Ìyàwó mi, ẹ má kọ orúkọ ọmọ yẹn sínú ìwé ìjọba o. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ kì í parẹ́. Ó máa sọ̀rọ̀. Bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.” Mo ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì, mo ti gbọ́.” Mi ò bínú sí wọn. Àwọn ni wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kí n lè sùn, ẹ̀rù tó sì ń bà wọ́n yẹn ń ba èmi náà. Ọkọ mi ló gba fóònù tó sọ fún wọn pé, “Mọ́mì, bí a kọ ọ́, bí a ò kọ ọ́, ọmọ yẹn náà ni. Ẹ jẹ́ ká gba ohun tó tọ́ sí i.”

Ìwé dókítà ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Wọ́n ní èyí tó wà lọ́wọ́ wa ti pẹ́ jù, a sì tún àyẹ̀wò ṣe. Lórí èyí tuntun, dókítà kọ nọ́ńbà 6A02. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì wá a títí, kò rí i, ó dá ìwé náà padà fún mi. Mo lọ kà nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ní ìwé tí wọ́n ti máa ń fún àìsàn àti ìpèníjà ní nọ́ńbà. Nínú ẹ̀dà kẹwàá, F84.0 ni wọ́n fún ọ́tísíìmù ti ọmọdé. Nínú ẹ̀dà kọkànlá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, 6A02 ló dà. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ṣì wà lórí ti àtijọ́. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó kọ méjèèjì sórí ìlà kan náà, ọ̀rọ̀ sì tán. Bí ẹ bá máa gba irú ìwé yìí, ẹ ní kí wọ́n kọ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n kọ ìpele ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ nílò, 1, 2 tàbí 3 (3 ni ti ẹni tó nílò rẹ̀ jù), bó ṣe wà nínú ìwé ìlànà DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọn ìbánisọ̀rọ̀ àti ìbákẹ́gbẹ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọn ìṣe àti ohun tí ara ọmọ kò gbà. Ọmọ mi gba 3 nínú ti àkọ́kọ́, 2 nínú ìkejì. Bí wọ́n bá kọ “ọ́tísíìmù” nìkan, ẹni tó ń ka ìwé náà kò ní mọ ohun tó máa ṣe sí i.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè kan ní: “Ẹ̀yà ara wo ni ìpèníjà náà wà?” Ojú, etí, ọwọ́, ẹsẹ̀, àpótí kéékèèké tí èèyàn máa fàlà sí. Mo wo àpótí wọ̀nyẹn pẹ́. Ojú ọmọ mi ń ríran ju tèmi lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò lè lé e bá. Àwọn tó ṣe irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kò ro ti ìpèníjà tí ojú kò rí, kì í sì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Íńdíà, oríṣi ìpèníjà méje ló wà nínú òfin wọn ti 1995, ọ́tísíìmù kò sí níbẹ̀. Òfin 2016 ló sọ ọ́ di mọ́kànlélógún tó sì fi ọ́tísíìmù kún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n tó ṣí káàdì ìgbọ́kọ̀sí àwọn àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀ fún àwọn tí ìpèníjà wọn kò hàn sójú. Ohun tí mo dì mú ni àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Abala kìíní rẹ̀ kò fi mọ sí ara èèyàn nìkan; ó mẹ́nu ba àwọn ìdènà tó wà láyìíká tí kò jẹ́ kí onítọ̀hún lè ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò fàlà sí àpótí kankan. Mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “Kò sí ní ẹ̀yà ara kan. Ariwo, èrò púpọ̀, àti dídúró pẹ́ lórí ìlà ló ń dí i lọ́wọ́.” Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni: “Kí ló fà á?” Jàǹbá, àìsàn, tàbí láti inú oyún. Ìlà kan péré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bi ara mi léèrè bóyá iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà tí mo lóyún ni, bóyá mi ò bá a sọ̀rọ̀ tó. Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ gan-an ń di ẹ̀bi yìí ru ìyá, tí wọ́n ní ìyá tí kò fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ rẹ̀ ló ń sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1977, àwọn onímọ̀ méjì, Susan Folstein àti Michael Rutter, ṣàyẹ̀wò ìbejì mọ́kànlélógún ní Bìrìtìkó, tó jẹ́ pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní ọ́tísíìmù. Nínú àwọn mọ́kànlá tó jọra délẹ̀, ìbejì mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ti jọ ní ọ́tísíìmù. Nínú àwọn mẹ́wàá tí kò jọra, kò sí ọ̀kan. Àjogúnbá ti wọ̀ ọ́. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn kan ṣì ń sọ fún mi pé ó ń fa ọ́tísíìmù, ìwé tí dókítà kan tó ń jẹ́ Wakefield kọ lọ́dún 1998 ló dá ẹ̀rù yẹn sílẹ̀, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde sì fagi lé e lọ́dún 2010. Mo fàlà sí “láti inú oyún.” Mo gbé bírò sílẹ̀, mo mumi.

Ìbéèrè tó ṣẹ́gun mi ni: “Kí ni ọmọ náà kò lè dá ṣe?” Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń kọ́ wa láti máa ka ohun tó lè ṣe. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ wọ́n sí: ọjọ́ tó wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀, ọjọ́ tó fi ìka tọ́ka sí òṣùpá. Nítorí náà mo kọ pé ó máa ń gbìyànjú, pé ó ń jẹun fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, pé ó ń sùn dáadáa bí ilé bá dákẹ́. Bàbá kan ní ọ́fíìsì kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Ìyá ọmọ, ohun tí ẹ kọ síbí, ọmọ tí kò nílò káàdì ni. Ẹ lọ kọ ọjọ́ tó le jù.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ́. Mo kọ pé òru mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń jí ní aago mẹ́ta, ẹnì kan nínú wa sì gbọ́dọ̀ jí tì í. Mo kọ pé kò mọ ewu iná, kò mọ ewu ọkọ̀. Mo kọ pé nínú oṣù mẹ́ta ó ti sá jáde nílé lẹ́ẹ̀mejì, pé nígbà kejì, etí omi ni a ti rí i, bàtà rẹ̀ ti bọ́, ó ń wo bí omi ṣe ń dán. Mo kọ pé bí ó bá sọnù, kò lè sọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi kà á. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ tún ilẹ̀kùn tì, ó padà wá jókòó tì mí.

Mo fẹ́ kí ìyá tàbí bàbá tó bá máa kọ irú rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìwé yẹn, ọ̀tọ̀ ni ọmọ yín. Ẹ kọ iye ìgbà, ẹ kọ wákàtí. Ẹ má kọ “ó máa ń ṣòro díẹ̀.” Kò sẹ́ni tó lè fi “díẹ̀” ṣe ìpinnu. Ẹ má sì dá nìkan kọ ọ́.

Fọ́tò kò pẹ́ lẹ́yìn tí a ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Ní ilé afọ́tò, kò wo ọ̀kánkán rárá. Nílé, a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó sùn lé e fúnra rẹ̀, mo dúró lórí àga, mo di ọmọrí ìgò mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ìkẹtàdínlógún ni wọ́n gbà. Fún ọjọ́ tí a máa mú un lọ tẹ̀ka, mo ya àwòrán ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, àga ibẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́nà tí Carol Gray, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, fi ń ṣe ìtàn kéékèèké fún irú àwọn ọmọ yìí. A wò ó lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe àwa ṣáájú, wọ́n gbà. Ó tẹ ìka mẹ́jọ, ó kọ méjì, wọ́n ní ó tó.

Káàdì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ọdún márùn-ún ló máa lò kí a tó tún un gbà. Mọ́mì béèrè lọ́jọ́ Sátidé bóyá ó ti jáde, mo ní ó ti jáde. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, “Bí mo bá mú un dání lọ síta ńkọ́, tó bá já mọ́ mi lọ́wọ́? Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan fún mi kí n fi sínú báàgì mi.” Mo ti ṣe méjì, ọ̀kan fún ilé ìwé, ọ̀kan fún wọn.