Ẹ tilẹ̀kùn bucket yín: ohun tí ojú mi rí lórí sáìtì iléèwé

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe sáìtì, ẹ mọ̀ pé tó bá ti bàjẹ́, nọ́ńbà yín ni wọn ó kọ́kọ́ pè. Láàárọ̀ ọjọ́ tí iléèwé kan n'Íbàdàn gbé orúkọ àwọn ọmọ tó wọlé jáde, ẹni tó bá ṣí sáìtì wọn, ojúewé tẹ́tẹ́ ló ń bá. Tẹ́tẹ́! Iléèwé onígbàgbọ́! Ọ̀gá iléèwé pè, alága ẹgbẹ́ òbí pè, ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ṣé èmi ni mo fẹ́ sọ ọmọ òun di onítẹ́tẹ́. Àwọn tí à ń sanwó hosting fún, ìyẹn àwọn tó ń bá wa gbé sáìtì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gbé fóònù. Ìgbà tí wọ́n máa fèsì lọ́sàn-án, wọ́n ní sáìtì ẹlòmíràn lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì) kan náà ni olè gbà wọlé, pé kí n sanwó kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Mo ń pa fáìlì rẹ́, ó ń padà wá. Mo tún pa á, ó tún padà.

Mi ò san kọ́bọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí S3, ibi ìkó-fáìlì-sí ti Amazon (bucket ni wọ́n ń pe àpò tí fáìlì ń wọ̀ níbẹ̀), mo fi CloudFront, iṣẹ́ Amazon tó ń gbé ojúewé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ṣí sáìtì, síwájú rẹ̀, ó parí.

Ẹ̀kọ́ kìíní: sáìtì iléèwé kò nílò PHP (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí server) àti dátábéèsì. HTML (ojúewé lásán) àti àwòrán ti tó. Kò sí ibi tí olè máa ti fi password wọlé, kò sí plugin (àfikún kóòdù) tó ti gbó. (Fọ́ọ̀mù ńkọ́? Google Forms wà, ẹ má bá mi jà.)

Ìkejì ló ká mi lára jù: ẹ má ṣí bucket sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Fídíò ṣì pọ̀ tó ń ní kí ẹ pa Block Public Access (ìlẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí gbogbo ayé wọ bucket), kí ẹ lo àdírẹ́sì website ti S3. Àdírẹ́sì yẹn kò mọ HTTPS, ìsopọ̀ tó ní ààbò, rárá! Láti oṣù kẹrin 2023 ni Amazon fúnra rẹ̀ ti ń ti bucket tuntun pa. Kí lẹ wá ń ṣí i fún? Yàrá ìkẹ́rù ni bucket, CloudFront ni ọmọ tó ń tajà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lo Origin Access Control, ètò inú CloudFront, kó jẹ́ CloudFront nìkan ni yóò máa wọ inú bucket. Tí ojúewé inú fódà bá wá ń gbé 403 (àṣìṣe "o ò láyè láti wọlé") jáde, ẹ má torí ìyẹn ṣí i o. CloudFront Function, kóòdù kékeré tó ń fi index.html (orúkọ fáìlì ojúewé náà) kún àdírẹ́sì, ni ẹ nílò.

Sẹ̀tífíkéètì HTTPS: ọ̀fẹ́ ni ní ACM, ibi tí Amazon ti ń fúnni ní sẹ̀tífíkéètì, àmọ́ us-east-1 (agbègbè Amazon kan ní Amẹ́ríkà) ni kí ẹ ti gbà á, ibi yòówù tí bucket wà. Price class ni ìpele owó CloudFront tó ń sọ apá ayé tí yóò ti máa ṣiṣẹ́; èyí tó kéré jù kò kan Áfíríkà, ẹ má yàn án.

Bucket ńkọ́? Ẹ tì í. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Ẹ tún bi báǹkì yín bóyá káàdì náírà yín ń san dọ́là kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní kí AWS Budgets, ohun tó ń bá yín ṣọ́ owó lọ́dọ̀ Amazon, máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín tí bíìlì bá ti ń gòkè.