Àyẹ̀wò ọdún: níbi tí ayọ̀ wa ti ń sọnù

Ọyẹ́ ti dé sí Iléṣà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà lẹ́yìn odi ti ń wọlé, ìpàdé ẹbí ń lọ lágboolé, àwọn télọ̀ kò rójú oorun nítorí aṣọ ọdún, gbogbo ìjọ ló sì ti kéde ọjọ́ ìdúpẹ́. Bí onígbàgbọ́ bá mú ìwé jókòó lásìkò yìí láti yẹ ọdún rẹ̀ wò, ohun tó rí gbà ló sábà máa ń kọ: ilé tó kan òrùlé, ọmọ tó wọ yunifásítì, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ọpẹ́ yẹ Olúwa fún gbogbo wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ ọ́ tán tí inú wọn kì í dùn, tí wọn kì í sì í mọ ìdí rẹ̀. Èmi gbà pé ibi tí a ti fẹ́ ga ju ẹnìkejì wa lọ ni ayọ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ gan-an ni a kì í sì í yẹ̀ wò.

Jésù kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Nínú Jòhánù 13, ó dìde nídìí oúnjẹ, ó bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó fi aṣọ ìnura di àmùrè, ó bu omi sínú àwo, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ó sì nù ún. Júdásì wà láàrin wọn, ó wẹ tirẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ló wá sọ ní ẹsẹ 17 pé: “Bí ẹ̀yin bá mọ nǹkan wọ̀nyí, alábùkún-fún ni yín, bí ẹ̀yin bá ń ṣe wọ́n.” Orí ṣíṣe ni ìbùkún náà wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó má bi ọkàn rẹ̀ léèrè bóyá òun nírẹ̀lẹ̀, torí ọkàn yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí tún le fún àwa Yorùbá, nítorí láti kékeré ni a ti mọ bí a ṣe ń kí àgbà, àwọn bàbá wa sì ti sọ ọ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà.

Fún àyẹ̀wò yìí, wákàtí kan tó, ní ìdájí, kí ilé tó jí. Kí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí ọdún tó parí. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé inú ìsìn àìsùn ọdún tuntun ni wọ́n ti ń ronú pìwà dà, nígbà tí aago ti fẹ́ lu méjìlá òru. Ta ni èèyàn fẹ́ lọ bẹ̀ láago yẹn? Pa fóònù, ka Orin Dáfídì 139 ẹsẹ 23 àti 24, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ.

Orúkọ ni mo wí. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún, fóònù gbogbo wa máa ń kún fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà: “Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ lọ́nàkọnà lọ́dún yìí, jọ̀wọ́ dárí jì mí.” Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí igba ènìyàn kò bẹ ẹnì kankan. “Bí mo bá” yẹn kò jẹ́wọ́ ohunkóhun, ẹni tí a ṣẹ̀ ní tòótọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kà á. Mátíù 5:24 ní kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí a lọ bá arákùnrin wa. Lílọ ni. Ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn débẹ̀ bó bá wà nílùú. Bó bá wà lọ́nà jíjìn, pè é kí ó gbọ́ ohùn rẹ. Dárúkọ ohun tí o ṣe: “Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ láìdáa níwájú ẹgbẹ́.” Má fi “ṣùgbọ́n” kankan tẹ̀lé e, torí gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn “ṣùgbọ́n” ni ẹni náà máa gbọ́. Má sì fi ipá gba ìdáríjì lójú ẹsẹ̀. Bó bá ní òun kò tíì lè dárí jì ọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ, kí o máa lọ. Iṣẹ́ tìrẹ ti parí níbẹ̀.

Àwọn tí a kì í kọ orúkọ wọn ni àwọn tó kéré sí wa: ọmọ iṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀, aya, ọmọ bíbí inú ẹni. Àgbà gbà pé bí òun bá ra ẹran fún ọmọdé tàbí tí òun bá rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. Ọmọ náà mọ̀ pé bàbá òun kò lè sọ “mo jẹ̀bi”, ohun tó sì kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn orúkọ, ó kan gbèsè. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí kì í dìde níwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Bí wọ́n ṣe ń sin ẹlòmíràn ni kí olúkúlùkù fi sin ara rẹ̀ lóṣù yìí. Télọ̀ tó rán aṣọ ọdún àwìn, bíríkìlà, obìnrin tó ń fọṣọ: Léfítíkù 19:13 ní kí owó ọ̀yà alágbàṣe má ṣe sùn sọ́dọ̀ wa di òwúrọ̀. Ohun tí a bá fi èrú gbà ní òfin tirẹ̀. Númérì 5:7 ní kí a jẹ́wọ́, kí a san án padà, kí a sì fi ìdámárùn-ún lé e. Bó bá jẹ́ ₦50,000, ìdámárùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦10,000, ₦60,000 ni yóò padà sọ́wọ́ olówó. Sákéù tiẹ̀ ṣe é ní ìlọ́po mẹ́rin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a ń gbé owó yìí lọ sínú àpótí ìdúpẹ́ torí ojú ń tì wá láti kojú ẹni tó ni ín. Ẹsẹ 8 lànà rẹ̀: olówó ni kó gbà á; bí kò bá sí, ìbátan rẹ̀; àyàfi tí kò bá ní ìbátan ni yóò tó di ti Olúwa.

Ibi tó jinlẹ̀ jù lójú mi ni ìdúpẹ́ fúnra rẹ̀. Farisí inú Lúùkù 18, tí òun àti agbowó òde kan jọ lọ gbàdúrà ní tẹ́ḿpìlì, kò béèrè ohunkóhun. Ọpẹ́ ló ń dá: “Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.” Kò sì parọ́. Ọjọ́ ètùtù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni òfin Mósè pàṣẹ ààwẹ̀, òun ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó ń san ìdámẹ́wàá gbogbo ohun tó ní. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó nílò agbowó òde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí inú rẹ̀ tó lè dùn. Irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́, nítorí lọ́jọ́ tí agbowó òde bá rí àánú gbà, tí òun náà gbé ọpẹ́ wá sí ìjọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin lẹ́yìn rẹ̀, Farisí yóò pàdánù ìdùnnú rẹ̀. Nítorí náà, mú àkọsílẹ̀ ọpẹ́ rẹ, kí o bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè: bí aládùúgbò mi bá rí ìlọ́po méjì èyí gbà, ṣé yóò ṣì dùn mọ́ mi? Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, má pa á rẹ́. Fàmì sí i, kí o sì fi orúkọ aládùúgbò náà sínú àdúrà rẹ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí Ọlọ́run bù kún un ju bó ṣe wà lọ. Ó máa ń nira ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Wo ẹni tó lè bá ọ wí pẹ̀lú. Náámánì, olórí ogun Síríà, fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ padà sílé nítorí odò Jọ́dánì tí wòlíì ní kó lọ wẹ̀ kò tó odò Damásíkù lójú rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló sọ̀rọ̀ wòlíì náà fún aya rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló sì pàrọwà fún un kí ó tó wẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Bí ẹnì kankan tó wà lábẹ́ rẹ kò bá tọ́ ọ sọ́nà láti January, ẹ̀rù rẹ ló ń bà wọ́n. Bi ẹni méjì léèrè kí ọdún tó parí, kí ọ̀kan kéré sí ọ lọ́jọ́ orí: “Kí ni mo ń ṣe tó ń ni yín lára?” Má dáhùn lọ́jọ́ náà. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú ìrora ọkàn: ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ ni kí obìnrin máa jẹ ìyà lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù ú, kí a sì ní kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbá Jésù létí, ó béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi lu òun, Jòhánù 18:23. Ní Fílípì, Pọ́ọ̀lù kọ̀ láti jáde kúrò nínú túbú ní bòńkẹ́lẹ́. Ó ní kí àwọn adájọ́ wá mú àwọn jáde fúnra wọn. Òtítọ́ àti ìrẹ̀lẹ̀ kì í jà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ipò. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílùú yìí gan-an. Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1928, níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà. Ní oṣù Keje 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, èrò sì ń wọ́ wá sí Iléṣà. Síbẹ̀, Isaac Akínyẹlé, ẹni tó wá di Olúbàdàn ní 1955, ló jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) tó jáde láti inú ìsọjí náà. Iṣẹ́ ajíhìnrere ni Babalọlá ń bá lọ títí ó fi kú ní 1959.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú ọdún, àwọn ará wa ní Ìjọ Elétò (Methodist) yóò ṣe ìsìn májẹ̀mú tí John Wesley bẹ̀rẹ̀ ní 1755. Nínú àdúrà rẹ̀, wọ́n máa ń ní kí Ọlọ́run fi àwọn sí ibi tó bá wù ú, yálà kí ó lo àwọn tàbí kí ó fi àwọn sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí rẹ̀. Láàrin oṣù náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ yóò ka orúkọ àwọn olóyè tuntun. Bí wọn kò bá ka tìrẹ, pe ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ lọ́jọ́ náà, kí o sì kó kọ́kọ́rọ́, ìwé owó àti gbogbo ohun ìní ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, láìjẹ́ pé wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ.