Àìsùn ọdún tuntun

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Èmi tí mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, màámi ló wọ́ mi lọ àìsùn l'Òkè-Ooye níbí n'Iléṣà, ibi tí ìsọjí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930, mo kàn ní kí n jókòó sẹ́yìn kí n máa tẹ fóònù mi ni. Ni bátìrì bá kú (ó dùn mí gan o). Ìyá àgbà kan tí ò mọ̀ mí rí di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ kí Jésù ṣe fún ẹ?" Ẹkún ló jáde. Kí aago méjìlá tó lù mo ti gbé ayé mi fún Un. Iṣẹ́ ò tíì dé o, àmọ́ láàárọ̀ yìí mò ń gbálẹ̀ mò ń kọrin, màámi kàn ń wò mí ni.