Ẹran tó rí iná lẹ́ẹ̀mẹta, ẹran tó rí iná lẹ́ẹ̀kan

Ó ti pé ọdún 4 tí mo ti ń gbé ní Debrecen, ní Hungary, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ torí òun ló ń jẹ́ kí n rántí ilé jù.

Ní Ìbàdàn, ẹran máa ń rí iná lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé abọ́. Màmá mi á kọ́kọ́ bọ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, iyọ̀ àti Magí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú omi ẹ̀, wọ́n á din ín, wọ́n á wá gbé epo kaná, wọ́n á da ata lílọ̀ sí i, ata yẹn á dín títí epo á fi yọ sókè, ìgbà yẹn ni ẹran pẹ̀lú omi ẹ̀ á tó padà wọlé. Tó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ rírò, irú àti edé á wọ̀ ọ́, ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí wọ́n ti bọ̀ tí wọ́n sì ti fún omi ẹ̀ dànù ló máa gbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, tó bá pẹ́ lórí iná ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ níbí rárá. Bàbá àgbà kan tí ilé wa jọ kọjú síra ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se gulyás, ọbẹ̀ ẹran màlúù àwọn ará Hungary. Wọ́n kọ́kọ́ din àlùbọ́sà nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, àlùbọ́sà yẹn pọ̀ gan-an o, wọ́n wá gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí wọ́n tó bu paprika sí i. Ìran tàtàṣé wa náà ni paprika, wọ́n kàn gbẹ ẹ́ wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná ni. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀ máa ń yára jóná, tó bá sì ti jóná ọbẹ̀ á korò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹran ojúgun màlúù wọlé ní tútù, wọn ò bọ̀ ọ́ wọn ò din ín, òun àti kömény, irúgbìn olóòórùn kan tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, àti omi, iná kékeré, ó tó bíi wákàtí 2 ààbọ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó jinná ni kárọ́ọ̀tì àti áírìṣì tó wọlé. Iṣan ara ojúgun yẹn ti yọ́ sínú omi, ó ń lẹ̀ mọ́ ètè bí omi bọ̀kọ̀tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé oúnjẹ òyìnbó ò ládùn, ẹ ò tíì jẹ eléyìí.

Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ yẹn gan-an ni oúnjẹ. Mo jẹ ẹ́ yó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, síbẹ̀ ọwọ́ mi ṣì ń wá òkèlè.

Mi ò din ẹran mọ́ nílé mi báyìí. Màmá mi rí i lórí fóònù, wọ́n ní "ṣé o fẹ́ kí gáàsì tán ni, wákàtí mélòó lo fẹ́ fi se ẹran?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, gáàsì ò ṣeé fi ṣòfò nílé.

Darandaran ni ìtumọ̀ gulyás, àwọn tó ń da màlúù ní pápá bíi ti Hortobágy tí kò jìnnà sí wa ló ni oúnjẹ yẹn. Tí oòrùn bá ti mú, àwọn ọkùnrin á gbé bogrács, ìkòkò irin wọn, kọ́ síta lórí iná igi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dúró tì wọ́n báyẹn, òórùn èéfín yẹn ò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìnkùlé ibi tí àwọn alásè ti ń dáná ìnáwó n'Íbàdàn, ó wọ ìborùn mi, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi fọ̀ ọ́.