Èmi àti màámi níwájú òróró ólífì

Lánàá, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham, ní London, màámi tó wá kí wa láti Ìbàdàn mú ìgò òróró ólífì tí wọ́n kọ "light" sí. "Èyí ni ma mú, ọ̀rá rẹ̀ ò pọ̀."

"Rárá, màámi. Adùn àti àwọ̀ rẹ̀ ló fúyẹ́, ọ̀rá rẹ̀ àti ti òróró ólífì yòókù dọ́gba. Ẹ fi ìyẹn dín dòdò."

Òróró ólífì tí wọ́n ń pè ní "extra virgin" ni mo mú fún ẹ̀fọ́: wọ́n kàn fún un lára èso ni, kò sí kẹ́míkà, ásíìdì rẹ̀ kì í ju 0.8% lọ. Ìgò dúdú ni mo ṣà, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba òróró jẹ́.

Nílé, màámi tọ́ ọ wò. Ó ta wọ́n lọ́fun díẹ̀. Bí ojúlówó ṣe ń ṣe nìyẹn.

"Òróró tá a fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló dùn báyìí?"