Ẹ Má Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Bí Kì Í Bá Ṣe Ẹ̀yin Lẹ Fẹ́ Lọ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọjà ò yá, dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, ilé iṣẹ́ ò lè gbé gbogbo wa mọ́. Ó wá ti bébà funfun kan síwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ lọ. Ìyẹn ò ní ba orúkọ yín jẹ́ níbi tí ẹ bá tún ti fẹ́ wáṣẹ́."

Mo ti mú bírò o. Mo kàn ronú pé kí n gbé e délé kí ìyàwó mi bá mi kọ ọ́ kó dùn ún kà, torí tíṣà ni.

Ìyàwó mi ò kọ ọ́. Ó bi mí pé, "Ta ló ní kí ta máa lọ?" Ó fa àpò tí a ń kó ìwé sí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ìwé ẹ̀yáwó tí mo tọwọ́ bọ̀ ní báńkì lọ́dún tó ṣáájú. 800,000 náírà ni mo yá láti fi kan òrùlé ilé wa, tí màá fi oṣù 24 san, 44,000 lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí owó náà wọlé, kò pé. Ọmọbìnrin tó bójú tó o ní báńkì sọ fún mi pé owó ìwé àti ti ínṣọ́ránsì ni wọ́n yọ. Mo rò pé ọ̀kan lára owó tí báńkì máa ń yọ náà ni, n kò sì bèèrè kí ni ínṣọ́ránsì ọ̀hún wà fún.

Ojú ewé kẹfà ìwé náà ni àlàyé ínṣọ́ránsì náà wà. Bí ẹni tó yáwó bá kú, ilé iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, á san gbogbo gbèsè tó kù. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, wọ́n á bá a san fún oṣù mẹ́fà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn tí wọn ò ní san fún sí: ẹni tí wọ́n lé nítorí ìwà àìtọ́, ẹni tó ti mọ̀ pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ kó tó yáwó, àti ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà lọ́nà 44,000 jẹ́ 264,000 náírà. Iye tí bébà funfun yẹn ì bá gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, mo kí ọ̀gá náà dáadáa, mo ní n kò ní kọ ọ́. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kí n lọ, kí ilé iṣẹ́ fún mi ní lẹ́tà. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà jáde. Mẹ́rin nínú àwa tí wọ́n pè ti kọ tiwọn lánàá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ báńkì kan náà lówó. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé n kò tètè mọ̀ kí n pè é.

Lẹ́tà tí mo gbà yẹn náà ò tó. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé wọn ò nílò iṣẹ́ mi mọ́. Ilé iṣẹ́ adójútòfò dá a padà, wọ́n ní kò sọ ìdí. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn kí wọ́n tó kọ òmíràn pé wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù ni, pé n kò ṣẹ̀ wọ́n. Kí ẹ tó dìde níwájú ẹni tó ń fún yín ní lẹ́tà, ẹ kà á níbẹ̀: ṣé ìdí wà ńbẹ̀, ṣé ọjọ́ wà ńbẹ̀, ṣé wọ́n lu òǹtẹ̀?

Ìyókù ò le: fọ́ọ̀mù, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ẹ̀yáwó, àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì tó fi hàn pé owó oṣù ti dáwọ́ dúró. Ọwọ́ báńkì ni mo kó wọn fún, torí orúkọ báńkì ló wà lórí adójútòfò náà. Ìwé tèmi ní kí n sọ fún wọn láàárín ọjọ́ 30, ẹ wo iye ọjọ́ tó wà lórí tiyín. Mo ṣe fọ́tókópì gbogbo rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tèmi pé wọ́n ti gbà á.

Àṣìṣe tí mo ṣe rèé. Mo dáwọ́ sísan dúró, mo ní àwọn adójútòfò ló kàn. Àbúrò mi obìnrin fi 50,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi ní báńkì mìíràn fún owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Kí n tó dé ibi POS ní Tákíè, 44,000 ti lọ. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀, CBN, ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báńkì tí ẹ jẹ lówó fi lè yọ owó nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, níwọ̀n ìgbà tí BVN yín bá ti so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n ṣì máa gbé ìwé yín yẹ̀ wò ò ní kí gbèsè dúró. Bí ẹ bá lè san, ẹ máa san. Bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí báńkì kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ ní kí wọ́n sún un síwájú.

Òfin adójútòfò ti ọdún 2003, èyí tó wà nígbà tèmi, fún wọn ní ọjọ́ 90 láti san tàbí láti kọ̀wé sọ ìdí tí wọn ò fi ní san. Òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2025. Bí wọ́n bá dákẹ́ mọ́ yín lórí, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, lẹ máa kọ̀wé sí. Bí báńkì ló jókòó lé ìwé yín, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá lẹ́yìn tí ẹ ti fẹjọ́ sùn wọ́n, ẹ gbé e lọ sí CBN. Ní tèmi, lẹ́yìn lẹ́tà kejì tí ibi iṣẹ́ wa kọ, àwọn adójútòfò san owó náà.

Ẹ má gbàgbé owó ìfẹ̀yìntì yín náà. Òfin ọdún 2014 gbà kí ẹni tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, tí kò rí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, gba tó ìdá 25 nínú 100 lára rẹ̀. Òun la fi jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ọ̀yọ́. Ó ní wọ́n ti gbé bébà síwájú òun, wọ́n ní kí òun dá a padà ní Ọjọ́ Ajé. Mo ní kó mú ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀, kó wọkọ̀ máa bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ewé kẹrin ni tiẹ̀ wà, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa bá a san. Ìyàwó mi bá a kọ lẹ́tà kúkúrú kan, pé òun ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o, pé bí ilé iṣẹ́ bá ń dá òun dúró, kí wọ́n kọ ọ́ fún òun pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.